Ẹ̀dá Ni àbí Ẹ̀dà? Iyàn Àwọn Òǹwòran lórí Eré Orphan Black ní Ojú Ìwòye Yorùbá

Ìfáárà

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀ nínú èdè Yorùbá. Ẹ̀dá ni ohun tí a dá. Ẹlẹ́dàá ni ó ni í, kò sì sí irú rẹ̀ méjì. Ẹ̀dà ni ohun tí a fi òmíràn ṣe àwòkọ rẹ̀, bí ìgbà tí akọ̀wé bá ṣe ẹ̀dà ìwé fún ọ̀gá rẹ̀. Bí ohùn òkè tí ó wà lórí sílébù ìkẹyìn bá di ohùn ìsàlẹ̀, ẹni tí a dá ti di ohun tí a dà kọ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa rò pé kò sí ohun tí àmì ohùn wà fún ju pé kí olùkọ́ rí ibi yọ máàkì lọ. Síbẹ̀, láàrin ọdún 2013 sí 2017, ọ̀pọ̀ òǹwòran káàkiri àgbáyé ni ó jókòó ti eré tẹlifíṣàn kan tí gbogbo ìjà inú rẹ̀ dá lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀dá àti ẹ̀dà. Orphan Black ni orúkọ eré náà.

Èròǹgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí àwọn òǹwòran eré náà ń jiyàn lé lórí, kí á sì fi hàn pé Yorùbá ti ní ohun èlò ìrònú tí a lè fi dá sí iyàn náà láìjẹ́ pé a yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mọ́níyà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ni a ó fi ṣe ibùdó àpẹẹrẹ wa. Ìdí méjì ni a fi yan ibẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ti ń ṣe ẹ̀dà ohun abẹ̀mí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, láìpè é ní sáyẹ́ǹsì. Èkejì ni pé ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rédíò Amúlùúdùn 99.1 FM, tí ń fi èdè Yorùbá bá ará ìlú sọ̀rọ̀, fìdí kalẹ̀ sí.

Eré náà àti àwọn òǹwòran rẹ̀

Eré àtìgbàdégbà láti orílẹ̀-èdè Kánádà ni Orphan Black. Graeme Manson àti John Fawcett ni ó dá a sílẹ̀. Ìpín àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2013. Èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 2017. Abala márùn-ún ni ó ní, ìpín mẹ́wàá sì ni ó wà nínú abala kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Sarah Manning, ọmọ òrukàn tí kò mọ ìyá, tí kò mọ bàbá, rí obìnrin kan tí ó jọ ọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kí ó tó lè bá a sọ̀rọ̀, obìnrin náà bẹ́ síwájú ọkọ̀ ojú irin, ó sì kú. Sarah gbé àpò rẹ̀, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Beth Childs ni olóògbé náà ń jẹ́, ọlọ́pàá sì ni. Díẹ̀díẹ̀ ni Sarah wá mọ̀ pé àwọn tí ó jọ òun kò mọ ní ẹnì kan: Alison, ìyá ilé tí kò fẹ́ kí eruku bà sí ilé òun, Cosima, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, Helena, tí wọ́n tọ́ ní Ukraine láti máa pa àwọn yòókù, àti Rachel, tí àwọn tí ó ṣe wọ́n tọ́ dàgbà lábẹ́ àkóso ara wọn. Ẹ̀dà ni gbogbo wọn. Oṣèré kan ṣoṣo, Tatiana Maslany, ni ó sì ṣe gbogbo wọn. Iṣẹ́ yìí ni ó gba ẹ̀bùn Emmy fún ní ọdún 2016.

Àwọn olólùfẹ́ eré náà kó ara wọn jọ, wọ́n ń pe ara wọn ní Clone Club. Bí ìpín tuntun bá ti jáde ni iyàn bẹ̀rẹ̀. A lè pín iyàn náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, ta ni ẹni tí a rí yìí gan-an? Èkejì, kí ni ó ń ṣe ara wọn, àti pé ǹjẹ́ wọn yóò yè é? Ẹ̀kẹta, ta ni ó ni wọ́n? Irú iyàn báyìí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Láti ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, tí tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni a ti ń wo eré tán tí a ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sùn, tí a tún ń fi í jí. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, lábẹ́ igi ọlọ́pọ́n ayò, nínú ọkọ̀ èrò, òǹwòran Yorùbá kì í wo eré kí ó má ṣe ìdájọ́. Kí á wá mú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà wá sí ilé. Èyí tí ó kan ara ni a ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ kí á mọ ohun tí ẹ̀dà jẹ́.

Ẹ̀dà nínú oko: àpẹẹrẹ igi ẹ̀gẹ́

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń lò fún ẹ̀dà ohun abẹ̀mí wá láti inú èdè Gíríìkì. Ẹ̀ka igi tàbí ọ̀mùnú ni ó túmọ̀ sí ní ìpìlẹ̀. Àgbẹ̀ Akínyẹlé kò nílò àlàyé kankan lórí èyí. Bí ó bá fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́, kì í wá kóró. Igi rẹ̀ ni ó ń gé sí kéékèèké, tí ó ń rì í mọ́ ebè. Ẹ̀gẹ́ tí ó hù jáde kò ní bàbá àti ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹyọ igi kan ni ó bí i, gbogbo àbùdá igi náà sì ni ó gbé wá: bí ewé rẹ̀ ṣe rí, bí iṣu rẹ̀ ṣe ń ta, bí ó ṣe dùn tàbí bí ó ṣe korò tó. Ohun tí a ń pè ní àbùdá níhìn-ín ni àṣẹ tí ó wà nínú ohun abẹ̀mí tí ó ń sọ bí ara rẹ̀ yóò ṣe rí. Bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Àgbàdo yàtọ̀, nítorí pé akọ àti abo ni ó ń pàdé kí kóró tó yọ, kóró kọ̀ọ̀kan sì ní ìpín tirẹ̀.

Nítòsí Mọ́níyà ni ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 lórí ilẹ̀ tí ó tó 1,000 hẹ́kítà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ bá fẹ́ mú irú ẹ̀gẹ́ tuntun jáde, òdòdó ni wọ́n ń jẹ́ kí ó pàdé òdòdó. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó bá hù, wọn yóò ṣa èyí tí ó dára jù, láti ibẹ̀ lọ sì ni wọn yóò ti máa gé igi rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo igi ẹ̀gẹ́ TMS 30572 tí àwọn àgbẹ̀ ti gbìn káàkiri ilẹ̀ wa, ẹ̀dà igi kan ṣoṣo ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Àǹfààní wà nínú èyí, ewu náà sì wà níbẹ̀. Àìsàn tí ó bá mọ ọ̀nà ara ọ̀kan ti mọ ọ̀nà ara gbogbo wọn. Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn, ọmọ orílẹ̀-èdè Kòríà, dé sí IITA ní ọdún 1971, ní àkókò tí àrùn ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò tí ó sì ń pa igi rẹ̀. Ìjà tí ó bá àrùn wọ̀nyí jà ni ó mú kí àwọn ará Ìkirè fi í jẹ Séríkí Àgbẹ̀ ní ọdún 1983. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí yóò mọ ìdí tí ọkàn àwọn òǹwòran Orphan Black kò fi balẹ̀. Nínú eré náà, Katja, ọmọ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ń wú ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kan Cosima. Bí Cosima ti ń wúkọ́, gbogbo àwọn yòókù ni ìpín wọn wà nínú ikọ́ náà. Láti ìpín dé ìpín ni òǹwòran ń béèrè bóyá oògùn yóò dé bá a. Oko ẹ̀gẹ́ tí àrùn wọ̀ ni òǹkọ̀wé eré náà fi obìnrin ṣe.

Láti orí igi, ẹ jẹ́ kí á dé orí ẹran. Ní ọjọ́ 5, oṣù keje, ọdún 1996, ní Roslin, nítòsí Edinburgh, ni a bí àgùntàn tí ń jẹ́ Dolly. Láti inú ọmú àgùntàn ọlọ́dún mẹ́fà ni àwọn onímọ̀ ti mú sẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n fi àbùdá rẹ̀ sínú ẹyin tí wọ́n ti yọ àbùdá tirẹ̀ kúrò, wọ́n sì gbé e sínú àgùntàn mìíràn láti bí i. Nínú ìgbìyànjú 277, Dolly nìkan ni ó yọrí. Ó kú ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 2003. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà kéde pé àwọn ti fi irú ọ̀nà yìí bí ọ̀bọ méjì. Ní ti ènìyàn, kò sí ẹ̀rí kankan pé ẹnikẹ́ni ti ṣe é rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n ka ṣíṣe ẹ̀dà ènìyàn léèwọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpinnu náà kì í ṣe òfin tí ó de ẹnikẹ́ni. Eré ni Orphan Black. Ṣùgbọ́n eré tí ó ń sọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni.

Àkúdàáyà, àbíkú àti ìbejì

Òǹwòran Yorùbá tí ó bá rí Sarah nínú ilé Beth, àkúdàáyà ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: ẹni tí ó ti kú ní ìlú kan, tí a tún rí i láàyè ní ìlú mìíràn. Bí olólùfẹ́ Beth ṣe wọlé bá ẹni tí ó jọ Beth, ohun tí ó ń bani lẹ́rù nínú ìtàn àkúdàáyà gan-an ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìyàtọ̀ ńlá wà. Àkúdàáyà jẹ́ ẹnì kan náà tí ó pààrọ̀ ìlú. Ẹ̀dà jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ tí ó ní irú ara kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbíkú. Ẹnì kan ṣoṣo ni a gbà pé ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn bàbá wa fi ń fi àpá sí òkú ọmọ lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá. Nínú ti àbíkú, ara pọ̀, ẹni kò pọ̀. Nínú ti ẹ̀dà, ẹni pọ̀, àbùdá ni kò pọ̀.

Ìbejì ni ó sún mọ́ ọn jù lọ. Nígbà tí ẹyin kan bá pín sí méjì nínú ìyá, àwọn ọmọ méjì tí ó bá jáde jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, àfi pé Ẹlẹ́dàá ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí kan níhìn-ín. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n P. P. S. Nylander ṣe ní Ìgbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nǹkan bí ìbejì 45 ni ó wà nínú ìbímọ 1,000, èyí tí ó pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ìbejì oníẹyin kan kì í ju nǹkan bí mẹ́rin lọ nínú ìbímọ 1,000 níbikíbi ní ayé. Èyí túmọ̀ sí pé ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbejì Yorùbá ti wá. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ó bá ara wọn pàdé nínú oyún kan ni wọ́n.

Yálà ẹyin kan ni o, yálà méjì ni, Yorùbá kò ka Táyéwò àti Kẹ́hìndé sí ẹnì kan. Ipò ọ̀tọ̀ ni a fún wọn. Táyéwò ni ó kọ́kọ́ yọ, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó rán àbúrò ṣáájú láti lọ tọ́ ayé wò. Bí ọ̀kan bá kú, a ń gbẹ́ ère dípò rẹ̀. A kì í sọ pé èyí tí ó kù tó, nítorí pé wọ́n jọra.

Ó dùn mọ́ni pé òwú ìbejì yìí gba inú eré náà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kendall Malone, obìnrin tí a ti ara rẹ̀ mú àbùdá gbogbo wọn, ti gbé ìkejì rẹ̀ mì sínú ara nígbà tí wọ́n wà nínú oyún. Sarah àti Helena, tí wọ́n bá ara wọn gbé inú ìyá kan, ni ó lè bímọ nínú gbogbo wọn. Nínú ìpín tí ó kẹ́yìn, Helena bí ọkùnrin méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òǹwòran tí ó bá mọ ipò ìbejì nílẹ̀ Yorùbá kò ní ka èyí sí ọ̀ṣọ́ lásán. Ìdáhùn ni: ẹni tí a pè ní ẹ̀dà ti di ìyá ìbejì.

Orí àti ìwà: ta ni ẹni tí a rí yìí?

Ohun tí ó gba àkókò àwọn òǹwòran jù ni ìgbà tí ẹ̀dà kan bá ń ṣe bí òmíràn. Nínú abala kìíní, Alison múra bí Sarah láti lọ rí Kira, ọmọ Sarah. Aṣọ bá a mu, irun bá a mu, ojú kò sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà wò ó, ó sì sọ pé kì í ṣe ìyá òun. Nígbà mìíràn, Cosima dúró sí ipò Alison níwájú èrò, òǹwòran sì ń wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń jù, kí àṣírí má baà tú. Kí ni òǹwòran ń wò tí ó fi ń dá wọn mọ̀? Ìrìn ni, ohùn ni, bí ẹnì kan ṣe ń bínú àti bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni. Ní kúkúrú, ìwà ni.

Ibi tí Yorùbá dúró sí nìyí. Nínú ìtàn Ifá, Àjàlá ni ó ń mọ orí. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, ni ó lọ yan orí ní ilé rẹ̀. Láti òde, orí tí wọ́n bá níbẹ̀ kò fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn. Ilé ayé ni wọ́n dé kí èyí tí ó dára tó yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ohun tí ìtàn náà ń kọ́ wa ni pé orí òde kì í ṣe ẹlẹ́rìí orí inú. Òwe wa sì sọ ọ́ ní ṣókí pé orí burúkú kì í wú tuulẹ̀. Bí a bá gba èyí, ẹni mẹ́wàá lè ní ojú kan náà kí wọ́n sì jẹ́ orí mẹ́wàá. Sarah àti Helena jẹ́ ọmọ inú kan. Ọ̀kan dàgbà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí ó fẹ́ràn rẹ̀, èkejì dàgbà nínú ìyà. Àbùdá kan náà, ayé méjì. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà kò tako èyí, nítorí pé ìbejì oníẹyin kan kì í ní ìlà ìka kan náà, ìrírí wọn kì í sì í dọ́gba.

Ta ni ó ni wọ́n?

Ìparí abala kìíní ni ó mú kí iyàn gbóná jù. Cosima ka ohun tí a kọ pamọ́ sínú DNA wọn, ó sì rí i pé àwọn tí ó ṣe wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun ìní àwọn ni ara náà àti gbogbo ohun tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde. Kira, ọmọ tí Sarah fi inú bí, ti wọ inú àkọsílẹ̀ náà nìyẹn. Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, ọdún 2013 ni ìpín náà jáde. Ní ọjọ́ 13, oṣù kan náà, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ilé iṣẹ́ Myriad Genetics pé ẹnikẹ́ni kò lè gba àṣẹ ìní lórí DNA gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ara ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò sí nínú ara lè gba àṣẹ lórí ohun tí ó ṣe. Ẹ jẹ́ kí á fi Yorùbá sọ ọ́: ẹ̀dá kò ní olówó, ẹ̀dà lè ní olówó. Àmì ohùn kan ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí oko. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń bùn aládùúgbò rẹ̀ ní igi ẹ̀gẹ́. Ní ọdún 2021, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe òfin tí ó fún ẹni tí ó bá mú irú ọ̀gbìn tuntun jáde ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ó tọ́ kí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ó sì tọ́ kí àgbẹ̀ lóye ohun tí òfin sọ, kí ó lè bá wọn dá sí i.

Ṣùgbọ́n ti ènìyàn yàtọ̀. Òwe tí àwọn àgbà wa fi tako ìwọ̀sí ní ayé òwò ẹrú ni pé bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Òwe náà kò béèrè bí oyún ṣe dé inú. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni ó fi ṣe ẹ̀rí. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Amelia ni ó gbé oyún Sarah àti Helena, òun ni ó sì rọbí wọn. Ní ìdájọ́ Yorùbá, ọmọ ni wọ́n. Ẹni tí a bí kì í ṣe ẹrù.

Iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́ èdè

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá wo irú eré yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jiyàn rẹ̀. Wọ́n gbà pé Yorùbá wà fún ìtàn ìjàpá àti oríkì, pé kò lè gbé ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì àti àbùdá. Bí èyí bá ń bá a lọ, ìpinnu lórí irúgbìn, lórí oògùn àti lórí ara ọmọ ènìyàn ni a ó máa ṣe ní èdè tí ìyá àgbà tí ọ̀rọ̀ kàn kò gbọ́. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ yan ìpín kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀, kí ó pín kíláàsì sí méjì, kí apá kan gbè sẹ́yìn ẹ̀dá, kí apá kejì gbè sẹ́yìn ẹ̀dà, kí ó sì jẹ́ òfin pé Yorùbá nìkan ni wọn yóò fi ro ẹjọ́ wọn. Kí wọ́n lọ bá àgbẹ̀ lóko ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó wá. Èyí tí ó bá dára nínú iyàn náà yẹ fún etí àwọn olùgbọ́ rédíò.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn òǹwòran Orphan Black ń béèrè ní ìdáhùn nílé. Igi ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé bí ẹ̀dà ṣe ń wáyé àti ìdí tí àìsàn kan fi lè pa gbogbo wọn. Ìbejì àti orí ṣàlàyé ìdí tí ìjọra ara kò fi sọ ẹni méjì di ẹnì kan. Òwe ẹrú àti ọmọ sọ ẹni tí kò gbọdọ̀ ní olówó. Nígbà tí eré náà parí, orúkọ ẹ̀dà 274 ni ó wà lọ́wọ́ Cosima, ó sì gbéra láti wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè fún wọn ní oògùn. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni, nítorí pé orúkọ ọ̀tọ̀ ni oníkálukú ń jẹ́. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fi àmì ohùn sórí ẹ̀dá kí ó má baà di ẹ̀dà lè fi èyí ṣe àpẹẹrẹ fún un.